Bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ kíláàsì ní ọ̀rọ̀ Bákásì láìdá ìjà sílẹ̀

Ọmọ ibi gbogbo ló wà ní kíláàsì tí mò ń kọ́ ní Kubwa: Gbagyi, Tiv, Ìgbò, Fúlàní, àwa Yorùbá náà ò gbẹ́yìn. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn nípa ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, Bákásì, ilẹ̀ etí òkun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ du, ni mo bá wọlé. Mo ní, "Wọ́n gba ilẹ̀ wa." Ni kíláàsì bá bú sáriwo. Àṣé ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ pé ará Bamenda ní Kamẹrúùnù ni ìyá rẹ̀. Ó gbórí lé tábìlì, kò gbé e sókè títí aago fi lù. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Surulere ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù gbá àṣekágbá ife Áfíríkà. Wọn ò tíì bí wọn, ṣùgbọ́n bàbá wọn ti sọ ọ́ sú wọn: góólù méjì-méjì, ó di pẹnárítì, bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba lu irin òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó ta padà síta, rẹfirí ní kò wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sórí pátákó, kẹ́ ẹ béèrè: ta ló fà á? Ta ló ń wò ó? Ọ̀rọ̀ ta ni abẹ gé? Ẹ ti dé orí ààlà nìyẹn, wọn ò ní fura.

Ìlà tó fi Bákásì sọ́wọ́ Kamẹrúùnù, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló jọ fọwọ́ sí i ní 1913. Àmọ́ 1961 ni kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́. Oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n dìbò: apá gúúsù Kamẹrúùnù tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì yan Kamẹrúùnù, apá àríwá yan Nàìjíríà. Mubi, Ganye, Gembu, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ ní kí ọmọ Mubi kan fìka lé ìlú rẹ̀ lórí máàpù. Ẹ wá sọ fún wọn pé Kamẹrúùnù fárígá, ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ àgbáyé, ní 1963 ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, "àwa" di èèwọ̀. "Nàìjíríà" ni kí wọ́n máa pè é. Ẹni tó bá ṣèèṣì sọ ọ́ ni yóò nu pátákó. Èmi alára ti nù ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá pín wọn sí méjì kí wọ́n jiyàn lórí ẹni tó ni Bákásì, kí àwọn tó pariwo jù fún Nàìjíríà lọ jókòó síhà Kamẹrúùnù. Ẹ fún wọn ní 1913 àti àdéhùn Maroua lórí ààlà ojú omi, tí Gowon olórí Nàìjíríà àti Ahidjo olórí Kamẹrúùnù ṣe ní 1975. Ẹ fún ìhà kejì ní àdéhùn tí àwọn ọba Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1884, àti àwọn apẹja Nàìjíríà tó ń gbé Bákásì. Ìdájọ́ 2002 tí ilé ẹjọ́ àgbáyé fi ní Kamẹrúùnù ló ni Bákásì, àdéhùn Greentree 2006 tí Nàìjíríà fi gbà láti kúrò níbẹ̀, ìfàléwọ́ 14 August 2008: WAEC ló nílò ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ kàn má gbàgbé pé ìdájọ́ yẹn náà ní kí Kamẹrúùnù kúrò níbi tó jẹ́ ti Nàìjíríà.

Ní sáà tó kọjá, ọmọ Mubi náà nawọ́: "Sà, ṣé bàbá àgbà wa dìbò?" Mo ní kó lọ bi wọ́n. Ìgbà tó ti ọdún Iléyá dé, ó ní arúgbó kùjọ́kùjọ́ náà láwọn dìbò. Ẹ̀gbọ́n wọn ni ò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó da màlúù lọ sí òdìkejì, Kamẹrúùnù ló sì kú sí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn ṣì máa ń wá ná ọjà Mubi.