Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Lọ Gun Ìgbì Òkun ní Busua Láìbá Ara Wọn Jà

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ti ń sọ ọ́ láti ìgbà ìfẹ́sọ́nà pé àwọn máa lọ gun ìgbì òkun lọ́jọ́ kan, ìyẹn ni pé kí èèyàn dìde dúró lórí pákó, kí ìgbì máa gbé e bọ̀ wá sí etí omi. Ọmọ dé, owó ilé ìwé dé, iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí àyè bá wá yọ, ọkọ̀, òtẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n á máa dààmú lé lórí, wọn ò ní ro ti wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì máa kan omi. Wákàtí yẹn ló ń ba ìrìn àjò jẹ́. Mo ti rí i tó: ọkọ á máa pariwo láti inú omi, ìyàwó á jókòó sórí iyanrìn, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní fọwọ́ kan pákó tí wọ́n fowó yá mọ́ títí wọ́n á fi padà sílé.

Busua ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn lọ. Abúlé apẹja ni, ní ilẹ̀ Ahanta, ní ìwọ̀ oòrùn Gánà, lẹ́yìn Takoradi. Iyanrìn ni abẹ́ omi ibẹ̀, ó sì tẹ́jú, kò jìn lójijì bíi ti etíkun Lẹ́kì. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà. Àwọn tó ń yáni ní pákó, tí wọ́n sì ń kọ́ni bí a ṣe ń gùn ún, wà létí omi gan-an. Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ lọ. Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, ìjì tó ń jà lọ́hùn-ún ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì máa ń ti ìgbì ńlá wá sí etíkun wa. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn ni èyí dára fún. Tó bá di oṣù Kọkànlá, ìgbì á ti rọlẹ̀, òjò á ti ń dá, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́, èrò Kérésìmesì ò sì tíì kún ẹnu bodè.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kọ́ lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má sọ pé omi ibẹ̀ ò jìn, tàbí pé okùn máa so yín mọ́ pákó. Okùn máa ń já. Ohun tí mo fi ń mọ ẹni tó ti tó lọ ni pé kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí omi níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti kanlẹ̀, kó léfòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì máa mí láìmí gúlegúle. Bí ọ̀kan nínú yín ò bá tíì lè ṣe é, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú, kí ẹ fi lára owó rẹ̀ wá olùkọ́ lúwẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn òkúta ńlá tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó láti ìgbà àwọn òyìnbó ló ń gba ìgbì dúró fún ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi rọ̀ ju ti àwọn etíkun tó kọjú sí òkun gbalasa. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tó mọ ìgbì gùn dáadáa. Ẹ yá pákó lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dùbúlẹ̀ lé e lórí, kí ẹ mọ bó ṣe ń mì lábẹ́ àyà. Ọjọ́ kan péré tó.

Nílé, ẹ tẹ́ ẹní. Ẹ dojú bolẹ̀ lé e, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, kí ẹ ti ara yín sókè, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ má kúnlẹ̀ kí ẹ tó dìde. Ẹni tó bá ti fi orúnkún kọ́ ọ lórí ẹní, orúnkún náà ló máa fi dìde lórí omi, pákó á sì dà á nù. Ẹ ṣe é láràárọ̀ kí ẹ tó wẹ̀.

Ẹ má ra pákó. Ibẹ̀ lẹ ó ti yá a, èyí tí wọ́n fi fóòmù ṣe, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Àwọn géńdé á fẹ́ mú èyí tó kúrú nítorí pé ó rẹwà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀wù pàtàkì tí wọ́n ń wọ̀ kí pákó má bó èèyàn láyà wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n jẹ́sì bọ́ọ̀lù alápá gígùn tó fún mọ́ra ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kó má ṣáà jẹ́ aṣọ òwú, torí òwú máa ń mu omi, á wúwo, á sì máa fà yín. Ẹ mú òrí dání. Bí àyà àti ikùn bá bó, òrí lálẹ́ ni, kò sí ìpara tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ìpara tó ń gba oòrùn dúró ńkọ́? Ẹ rà á. Awọ dúdú náà máa ń jóná lórí omi.

Yẹ́lò káàdì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, nítorí ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ojú ọ̀nà

Ẹ gbéra ní ìdájí. Sẹ̀mẹ̀ lẹ ó gbà wọ Bẹ̀nẹ̀, Hilla-Condji lẹ ó gbà wọ Tógò, Aflao ló sì máa mú yín dé Gánà. Ẹ ṣẹ́ sẹ́fà díẹ̀ fún Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti sídì fún Gánà. Ìwé àwọn méjèèjì kí ó wà nínú àpò kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ẹni tí inú kì í tètè bí nínú yín. Ẹ sùn ní Accra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ òru tàn yín, ẹni tó rẹ̀ kò ṣeé kó wọnú òkun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọkọ̀ lọ sí Takoradi, ẹ wọ òmíràn níbẹ̀ lọ sí Agona, takisí á sì gbé yín dé Busua.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ létí omi

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Láàárọ̀, atẹ́gùn ò tíì dìde, ojú omi máa ń jọ̀lọ̀. Tó bá fi di ọ̀sán, atẹ́gùn láti òkun á ti dà á rú. Ẹ dé etí omi, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan pákó. Ẹ jókòó sórí iyanrìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo omi. Ìgbì kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni: àwọn ńlá díẹ̀ á tẹ̀ lé ara wọn, omi á tún rọlẹ̀. Ẹni tó bá kó wọlé nígbà tó rọlẹ̀ láìwò ó pẹ́ á rò pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù tí ẹ ń wò ni ọ̀nà tí omi ń gbà padà. Omi tí ìgbì gbé wá sí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà sínú òkun. Á wá ibi tí abẹ́ omi ti jìn díẹ̀, á sì gba ibẹ̀ jáde bí odò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàn láàárín òkun. Òun ló ń pa èèyàn jù ní etíkun wa. Ohun tó sì fi ń tan èèyàn ni pé ibẹ̀ ló máa ń pa rọ́rọ́ jù: ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, ojú omi á dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìhó á máa lọ sí ọ̀nà òkun dípò kó máa bọ̀ wá sí iyanrìn. Mo ti rí ọkọ tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó rí ìgbì tó ń fọ́ gbàgà, tó wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ gba ibi rọ́rọ́ yẹn wọlé, tó rò pé òun ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ apẹja ló wọ omi lọ gbé wọn.

Bí ó bá gbé yín, ẹ má bá a jà. Kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀, ọ̀nà òkun ló ń gbéni lọ, agbára rẹ̀ á sì dín kù tó bá kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹ má fi pákó sílẹ̀, òun ló ń mú yín léfòó. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kí ẹ máa tẹ̀ lé etíkun lọ, kí ẹ má kọjú sí iyanrìn tààrà. Tí ẹ bá ti débi tí ìgbì ti ń fọ́, òun á gbé yín wálé. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ na apá kan sókè gbọngbọn. Kí ẹ̀yin méjèèjì ti fẹnu kò lé àmì yẹn lórí kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún olùkọ́ yín.

Olùkọ́ yín, mo tún un sọ. Ẹ má kọ́ ẹnìkejì yín fúnra yín, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n tó. Èyí tó fà á ni pé ẹni tó ń bẹ̀rù ò gbọ́ àlàyé lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn, ìbáwí ló ń gbọ́. Tí àlejò bá sọ fún un pé "gbé orí sókè," á gbé e. Tí ẹ bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ san owó olùkọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ sì dúró síbi tí ẹ ò ti lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó bá jẹ́ pé owó ẹnì kan ṣoṣo lẹ ní, ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù ni kó gbà á.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń gbé pákó wọlé. Tí omi bá dé ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ yín ni kí pákó wà, kí imú rẹ̀ kọjú sí òkun. Ẹni tó bá gbé e dábùú síwájú ara rẹ̀, ìgbì kékeré kan ti tó láti gbá a mọ́ ọn lẹ́nu. Okùn náà, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ dè é mọ́, kí ibi tó ti so kọ̀ sẹ́yìn, kí ẹ má baà tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ṣubú, ẹ bọ́ gbalaja, ẹ má forí sọ omi, kí ẹ sì fi apá méjèèjì bo orí kí ẹ tó yọjú, torí pákó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ti tó. Ẹ jáde nígbà tó ṣì ń dùn. Títí ẹ ó fi jẹun tán, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tí ẹnìkejì ṣe tí kò dáa nínú omi. Òfin ni èyí láàárín gbogbo ẹni tí mo bá lọ.

Àwọn ọjọ́ tó kù

Wọn ò nira. Bákan náà lẹ ó máa ṣe é láràárọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú etíkun Gánà, wọn kì í pẹja ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín sílé bóyá èèwọ̀ kankan kan ẹni tó fẹ́ gun ìgbì lọ́jọ́ náà. Èmi kì í wọ omi lọ́jọ́ yẹn rárá. Ẹ fẹsẹ̀ rìn gba òkè lọ sí Butre, kí ẹ wo ilé odi Batenstein tí àwọn ará Hóláńdì kọ́ ní 1656, kí ẹ sì jókòó pẹ́ lókè níbẹ̀. Etí omi lápá méjèèjì lẹ ó máa wò.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ lè wọlé pọ̀ láìsí olùkọ́, bí ìgbì ò bá ga ju ìbàdí lọ. Ẹnì kan gun tirẹ̀, ẹnìkejì jókòó lórí pákó kó máa ṣọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ó padà, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan àwọn jẹ́sì náà kí ẹ tó sá wọn, kí ẹ dá pákó padà ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tọ́jú sẹ́fà tó ṣẹ́ kù. Ẹ ó tún nílò rẹ̀ ní Kútọnù.