Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rédíò ọkọ̀ mi sí èyí tó ń gbé ìpè fóònù

Àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Òṣogbo níbí, ìlú aró, mo sì máa ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Toyota Corolla ọdún 2005 ló ń bá mi ru ẹrù náà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì yọ mí lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n rédíò inú rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé sídì kan mì, kò sì pọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tó yá, bọ́tìnì tí a fi ń gbé ohùn sókè kò gbọ́ràn mọ́.

N bá fara mọ́ ìyẹn, bí kì í bá ṣe ti fóònù. Oníbàárà kì í mọ̀ pé mo wà lórí ìrìn. Wọn á pè, fóònù á máa dún nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ mi á sì ti máa lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń sọ̀kalẹ̀ láti Ọláìyá, mo wo ẹni tó ń pè. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, ọlọ́kadà kan ti wà níwájú mi pẹ́kípẹ́kí. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi délé. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òfin ìrìnnà kọ̀ ọ́ fún awakọ̀ láti gbé fóònù létí, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń gba owó ìtanràn. Ojú tí ọlọ́kadà yẹn fi wò mí ló jẹ́ kí n gbéra lọ ra rédíò tó ní Bluetooth.

Kí n tó lọ, mo ti wọn ihò rédíò náà. Ti Toyota fẹ̀ ní 200 mm, ó sì ga ní 100 mm. Ọ̀pọ̀ rédíò alájà méjì, ìyẹn àwọn tó ga tó rédíò méjì tí a gbé lé ara wọn, tí wọ́n ń tà lọ́jà kò fẹ̀ ju 180 mm lọ, nítorí náà àlàfo bíi 10 mm á kù lọ́tùn-ún àti lósì. Rọ́bà líle kan wà tí wọ́n ń fi dí i. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ rédíò lọ́jọ́ kan náà, torí àlàfo yẹn á máa gba eruku, á sì máa ríni lára lójoojúmọ́.

Nítòsí Old Garage ni mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé ọ̀kan tí gíláàsì rẹ̀ tóbi bíi tẹlifíṣọ̀n wá. Ó ní, "Màmá, èyí ni gbogbo èèyàn ń rà báyìí." Ó dùn ún wò lóòótọ́. Àmọ́ bọ́tìnì tó ń yí ni mo fẹ́, tí ọwọ́ mi á fi mọ ibi tó wà láì jẹ́ pé mo wò ó. Bí mo bá tún ní láti máa tẹjú mọ́ gíláàsì, kí ni mo ti rí ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà yẹn? Mo bi í bóyá Bluetooth ti àwọn kékeré náà ń gbé ìpè, àbí orin nìkan ló ń kọ. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé bí ìpè bá ti wọlé, wọn á dákẹ́, ìpè á sì padà sínú fóònù. Mo tún bi í bóyá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wà lójú rédíò fúnra rẹ̀ ni, àbí ó ní èyí tó gùn lórí wáyà tí mo lè gbé sún mọ́ ẹnu mi. Èyí tó ní wáyà ni mo mú. Bátìrì ọkọ̀ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó fi ń dán ọjà wò; mo ní kó so rédíò mọ́ ọn, mo so fóònù tèmi mọ́ rédíò, mo wá ní kí àbúrò mi pè mí láti ilé. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú sípíkà tó wà lórí tábìlì ni mo tó sanwó.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ fún réwáyà kan. Ó fa rédíò àtijọ́ jáde, ó wo plọ́ọ̀gì ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú pílásì. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gé orí wáyà wọ̀nyí, ká so wọ́n pọ̀. Kò ní tó ogún ìṣẹ́jú." Mo ní kó dúró. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó dùn mí débi pé mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Plọ́ọ̀gì tí ilé iṣẹ́ fi sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá ti gé e, kò sí bí rédíò àtijọ́ ṣe máa padà síbẹ̀ láéláé, réwáyà tó bá sì ṣí i lọ́la yóò bá ìdì wáyà tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Plọ́ọ̀gì àárín kan wà tó ń bá Toyota mu: ó ní orí méjì, ọ̀kan oníhò mẹ́wàá, ọ̀kan oníhò mẹ́fà, ó sì ń wọ inú ti ọkọ̀ láì gé nǹkan kan. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Mo ní kí ọmọ náà dá rédíò àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, mo san owó wàhálà rẹ̀ fún un, mo sì pinnu pé èmi àti ọmọ mi Táyé la máa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà ló yẹ kí n farabalẹ̀ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rédíò ti ń jóná. Ẹni tó bá ń ṣe aró mọ̀ pé àwọ̀ kì í sọ gbogbo òtítọ́: aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ìkòkò aró máa ń rí bí ewé tó ń pọ́n lọ, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di aró lójú wa. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà Toyota ṣe rí. Lára rédíò tí a rà lọ́jà, dúdú ni áàtì, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sára irin ọkọ̀, yẹ́lò ni iná tó wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, pupa sì ni iná tó ń wá nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Nínú Toyota, sípíkà ẹ̀yìn ni wáyà dúdú, pupa àti yẹ́lò ń lọ! Áàtì tirẹ̀ jẹ́ búráùn, iná ìgbà gbogbo jẹ́ búlúù tó ní ìlà yẹ́lò, iná kọ́kọ́rọ́ sì jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ẹni tó bá so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, rédíò rẹ̀ kò ní tàn. Bí wáyà sípíkà rédíò bá sì lọ kan èyí tí iná wà nínú rẹ̀, ó lè jó ráúráú. Iṣẹ́ plọ́ọ̀gì àárín ni láti túmọ̀ èdè kan sí èkejì, kí àwọ̀ tirẹ̀ àti ti rédíò lè bára mu.

Àárọ̀ Sátidé la ṣe é, kí oòrùn tó mú. Mo fi sípánà 10 tú orí bátìrì tó jẹ́ négátíìfù, a sì dúró kọjá 90 ìṣẹ́jú àáyá gẹ́gẹ́ bí Toyota ṣe wí, torí airbag, àpò tó máa ń wú láti dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, tó wà nítòsí ibẹ̀ ṣì máa ń ní iná díẹ̀ nínú lẹ́yìn tí a bá tú bátìrì. Mo fi àkísà wé ìdí ṣíbí, mo fi ń yọ ìbòjú dáṣíbọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ń dún pá, pá, ọkàn mi sì ń fò, ṣùgbọ́n àwọn ìkọ́ tó gbé e dúró ló ń jáde, kò sí èyí tó ṣẹ́. Ẹ má fà á tagbáratagbára, wáyà síwíìsì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bóòtù 10 mẹ́rin ló di rédíò mú. Táyé kó wọn sínú abọ́.

Mo fi sódà, irin rírọ̀ tí a ń fi iná yọ́, lẹ wáyà plọ́ọ̀gì àárín mọ́ ti rédíò, mo sì ki rọ́bà tín-ínrín tó ń fún mọ́ wáyà tí iná bá rà á bọ̀ wọ́n lára. N kò lo téépù dúdú. Ooru ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, téépù á ṣí, wáyà á wá ṣí sílẹ̀.

A dán an wò kí a tó dì í. Ó tàn. Rave FM 91.7 wọlé ketekete, a mọ̀ pé eriali ti wọlé dáadáa. A wá darí ohùn sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ pé sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ìró ìlù fẹ́lẹ́. Wáyà tó ní ìlà dúdú ni mo ti so mọ́ èyí tí kò ní, ni sípíkà méjì ẹ̀yìn bá ń fa ara wọn lẹ́sẹ̀. Mo yí i padà, ìlù sì kún. Síso fóònù mọ́ ọn kò le rárá: mo tan Bluetooth, mo tẹ orúkọ rédíò lójú fóònù, ó béèrè nọ́ńbà, mo tẹ 0000. Ó tún béèrè bóyá kó da orúkọ àwọn tí mo ní nínú fóònù kọ. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pa wọ́n rẹ́ nínú rédíò, kí nọ́ńbà oníbàárà ẹni má di ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ajé ni ìyọnu dé. Bí mo bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, rédíò á gbàgbé ohun gbogbo: ibùdó rédíò, aago, fóònù mi. Bí àlejò ló ń kí mi lárààárọ̀. Táyé ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká dá a padà, ó ti bàjẹ́." Mo ronú kan plọ́ọ̀gì àárín. Mo fi tésítà kan wáyà rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi: yẹ́lò kò ní iná, pupa ló ní. Ẹni tó ṣe plọ́ọ̀gì náà ti fi méjèèjì gba ipò ara wọn! Yẹ́lò tó yẹ kó máa tọ́jú ìrántí rédíò ń kú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Mo tú sódà méjì, mo pààrọ̀ wọn, ìgbàgbé sì dópin. Ó yẹ kí n ti fi tésítà wo gbogbo wọn lọ́jọ́ Sátidé, kí n tó so ohunkóhun. Mo ti gba àwọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn nìkan ló kù. Ibi tí mo kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ wà nítòsí ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ni àbúrò mi bá ní bí ẹni tó wà nínú ìjì ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ sórí ìdí sítíárìn, níwájú mi, mo sì tẹ wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo so ó mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ mi kò lè kàn án.

Ní Ọjọ́rú, lójú ọ̀nà Iléṣà, oníbàárà mi kan pè. Mo tẹ bọ́tìnì kan, ojú mi kò kúrò lọ́nà. Ó ní, "Ìyá aládìrẹ, ṣé ilé lẹ wà ni? Mo ń gbọ́ yín dáadáa." Ó fẹ́ fi àdìrẹ Ìbàdàndùn mẹ́rin kún èyí tí mo ń gbé bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́. Iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti kà á, lẹ́yìn tí mo ti pa ọkọ̀.