Bí A Ṣe Ń Po Omi Oníyọ̀ àti Ṣúgà fún Ọmọ Tó Ń Ya Ìgbẹ́ Gbuuru

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi tó ń tán lára rẹ̀ ló sábà máa ń pa á. Ẹ se omi lítà 1, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ bu ṣíbí kékeré ṣúgà 6 sí i, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́jú. Ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ kún un, kí ẹ sì rò ó títí hóró kankan kò fi ní sí nísàlẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ, torí iyọ̀ àpọ̀jù léwu púpọ̀.

Ṣúgà ló ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti inú ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀, omi á sì tẹ̀lé e. Ìmọ̀ yìí ni Dókítà Dilip Mahalanabis gbára lé ní Bangaon, ní Íńdíà, ní 1971, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn tí ogun lé wá, tí omi tí wọ́n ń fà sí iṣan kò sì tó. Ó dùn mọ́ mi pé ìyá tí kò mọ̀wé lè ṣe é.

Ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì dá ọmú dúró. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.