Bí ẹni tí kò gba owó oṣù ṣe lè ní adójútòfò ìlera ní Ògbómọ̀ṣọ́

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Jagun níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lóru ọjọ́ kan, inú rírun gbé e dè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, dókítà ti ní apẹ́ńdíìsì ni, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Owó àjọ tó ń dá láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun la kó sílẹ̀. Kò tó. A ta ẹ̀rọ tó ń lò mọ́ ọn. Ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n odidi ọdún kan ló fi ń bá ẹlòmíì ránṣọ kó tó rí ẹ̀rọ mìíràn rà. Ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rántí, nítorí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti báńkì nìkan ló ni adójútòfò ìlera. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èyí tó sọ NHIS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, di NHIA, ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní in, ì báà ṣe ọlọ́kadà, ì báà ṣe alátà. Ó fi díẹ̀ jọ àjọ: gbogbo wa dá owó jọ, ẹni tí àìsàn bá dé bá la fi tọ́jú. Ibi tó ti yàtọ̀ sí àjọ ni pé kò sí ọjọ́ kíkó. Bí ẹ kò bá ṣàìsàn lọ́dún náà, owó yín ti wo ẹlòmíì sàn, kò ní padà wá.

Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ wò ó bóyá ọ̀fẹ́ ló tọ́ sí yín

Òfin yẹn kan náà dárúkọ àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, arúgbó, ẹni tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, àti ẹni tí kò ní. Owó kan tún wà tí òfin ìlera ọdún 2014 dá sílẹ̀, BHCPF lorúkọ rẹ̀, tó ń gba ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba kọjá láti fi tọ́jú irú wọn. Nítorí náà, hẹ́lìtì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀ bóyá wọ́n ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀ fún BHCPF, àti bóyá àyè ṣì wà. Bí ìyá yín ti dàgbà, tó wà lábúlé ní Súrùlérè tàbí Orí-Ire, ẹ bá a bèèrè ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹ má dúró kí ó tó rìn wá sí ìgboro.

Ilé ìwòsàn lẹ kọ́kọ́ máa yàn, kì í ṣe káàdì

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá rí owó forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní kó mú ilé ìwòsàn kan. Ó mú èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún jù létí rẹ̀, ní òdìkejì ìlú. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ibà mú un, ó gba ilé ìwòsàn ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó na káàdì sí wọn. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibi tí ẹ bá yàn nìkan ni orúkọ yín wà, ibẹ̀ sì lẹ ó ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, yàtọ̀ sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì.

Torí náà, ẹ gba ìwé orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò adójútòfò tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé tàbí tí ọ̀kadà kan ṣoṣo lè gbé yín dé láago méjì òru. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ẹ wo bí èrò ṣe pọ̀ tó, bóyá dókítà máa ń wà lóru, bóyá oògùn wà nílẹ̀ àbí ìwé ni wọ́n ń kọ fún ènìyàn pé kó lọ rà níta. Ẹ bi àwọn tó jókòó pẹ̀lú káàdì wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Wákàtí kan péré ni yóò gbà yín.

Ẹ má sáré kọ ilé ìwòsàn LAUTECH, tàbí ilé ìwòsàn Bowen tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, sí ibi tí ẹ ó ti máa wo ibà. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n. Ibi kékeré tí ẹ bá yàn ló ń kọ ìwé rẹ́fàrà gbé yín lọ sí irú ibẹ̀ bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ. Láìsí ìwé yẹn, owó ọwọ́ yín lẹ ó san.

Ọ̀nà tó wà níwájú yín

Fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, ọ̀nà tó sún mọ́ wa jù ni ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA, tí òfin ọdún 2016 dá sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ní ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, ti ìdílé àti ti ẹgbẹ́ lábẹ́ NHIA, GIFSHIP ni wọ́n ń pè é. Bí ẹgbẹ́ télọ̀ tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín bá lágbára, ẹ gbé e wá sípàdé. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ta adójútòfò ìlera, HMO, náà wà. Tiwọn sábà máa ń wọ́n jù, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí i pé NHIA fún wọn níwèé àṣẹ. Ọmọ tó wà ní yunifásítì lè ti ní tirẹ̀ nínú owó ilé-ìwé, ẹ yẹ ìwé owó náà wò kí ẹ má baà san lẹ́ẹ̀mejì.

Owó máa ń yí padà, torí náà iye tọdún yìí ni kí ẹ bèèrè. Bí ẹ ti ń bèèrè, ẹ béèrè pé:

– Ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí mo bá sanwó ni mo lè lo káàdì?
– Ṣé ó kan ìbímọ, iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ?
– Èló ni màá fi lé e nídìí oògùn? Nínú ètò NHIA ti òṣìṣẹ́, náírà 10 nínú 100 ni aláìsàn ń san.
– Ta lẹ kà sí ìdílé? Nínú ètò òṣìṣẹ́ yẹn, tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni. Ilé tí ìyàwó tàbí ọmọ bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ tètè mọ̀.

Fíforúkọ sílẹ̀ àti sísan owó

Ẹ mú nọ́ńbà NIN yín, fọ́tò pélébé àti nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́. Orúkọ inú NIN ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè yín lọ́jà. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà ni kí owó wọ̀, ẹ má kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kódà bó jẹ́ ọmọ àdúgbò, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí owó ọdún kan ṣe máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà bá ń dẹ́rù bà yín, alájọ yín lè gbà á díẹ̀díẹ̀. Náírà 50 lóòjọ́ yóò di 18,250 lọ́dún. Fún ènìyàn mẹ́rin, 200 lóòjọ́ yóò di 73,000. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ káàdì àjọ ọ̀tọ̀, tí ẹ kò ní fi ra ọjà. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí káàdì yóò kú sára ògiri, kí ẹ san owó ọdún tó ń bọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Tí káàdì bá dé, ẹ lọ sílé ìwòsàn náà nígbà tí ara yín ṣì le. Kí wọ́n wá orúkọ yín rí, kí wọ́n ṣí fáìlì, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí àṣìṣe bá wà, ìgbà yẹn ló rọrùn láti tún un ṣe.

Ẹ ya fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́ sí ẹni tó lè gbé yín lóru. Ẹ̀gbọ́n mi ti pààrọ̀ ilé ìwòsàn tirẹ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù báyìí. Fọ́tò káàdì rẹ̀ wà lórí fóònù mi, ó wà lórí ti ọmọṣẹ́ rẹ̀ àgbà, ó sì wà lórí ti ọlọ́kadà tó ń sùn lójúlé kejì.