Bí a ṣe ń di ilé mú nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò kọ́kọ́ wá òmíràn. Ìwé kan ni mo mú, mo kọ gbogbo gbèsè wa sílẹ̀, èmi àti ìyàwó mi sì jọ kà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí owó ọwọ́ yín tó tán. Owó ilé àti oúnjẹ ni kó ṣáájú. Ẹ tètè lọ bá ẹni tí ẹ jẹ lówó, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi dákẹ́, èlé sì ń gorí èlé. Ó dùn mí títí dòní. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn ọmọ.

Ẹ máa tẹ́tí sí ìjọba náà. Bí báńkì àpapọ̀ bá dín èlé kù, ẹ béèrè bóyá ti gbèsè yín lè dín. Bí owó ìrànwọ́ bá wà fún ẹni tí kò níṣẹ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ kíákíá, ẹ̀tọ́ yín ni. Ní 1933, nǹkan bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. 1935 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn lórí irú owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ tó jáde. Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n fi dá yín sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn sábà máa ń béèrè rẹ̀.