Texture géèmù mi ń ṣe bàìbàì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí yíyí ìwọ̀n àwòrán padà

Texture ni àwòrán pẹlẹbẹ tí géèmù fi ń wọ aṣọ fún gbogbo nǹkan inú rẹ̀: ògiri, ilẹ̀, mọ́tò, ẹ̀wù ọrùn ènìyàn. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe é fún Minecraft àti GTA San Andreas, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ jù: àwòrán dára lójú kọ̀ǹpútà, ó dénú géèmù, ó di bàìbàì. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé níbo ni bàìbàì náà ti wọlé? Ó lè ti wà lára fọ́tò tẹ́lẹ̀. Ó lè wọlé nígbà tí a ń fa àwòrán tóbi, tàbí nígbà tí a ń fún fáìlì pọ̀. Ó sì lè jẹ́ géèmù gan-an ló fi í sí i. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó jẹ́ yóò kàn máa fà á tóbi ṣáá ni, bó sì ti ń fà á ló ń bà á jẹ́ sí i. Àwọn ìbéèrè tó máa ń padà wá sọ́dọ̀ mi nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ya ilẹ̀kùn kan fún Minecraft, 16 × 16. Mo fẹ́ fi kókó igi sára rẹ̀, ni mo bá fi GIMP, ètò yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, sọ ọ́ di 64 × 64. Bó ṣe tóbi tán, gbogbo etí rẹ̀ rú, bí ìgbà tí omi kán sórí yíǹkì. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, ilẹ̀kùn rẹ dáa, ọ̀nà tí o gbà fà á ni kò bá a mu. Jẹ́ ká kà á. Àwòrán 16 × 16 ní píksẹ́lì 256, ìyẹn àwọn àpótí àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Èyí tó jẹ́ 64 × 64 ní 4,096. Ó túmọ̀ sí pé píksẹ́lì 3,840 tí ìwọ kò yà lo ní kí GIMP lọ wá fún ọ. Ibo ni kó ti rí i? Bí o bá yan Linear, yóò wo píksẹ́lì mẹ́rin tó wà nítòsí, yóò po àwọ̀ wọn pọ̀. Bí o bá yan Cubic, mẹ́rìndínlógún ni yóò pò. Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ fọ́tò ojú ènìyàn, torí pé awọ ara kì í ní etí tó gé. Ilẹ̀kùn rẹ ní etí tó gé: àwọ̀ igi dúró lọ́tọ̀, dúdú dúró lọ́tọ̀. Tí a bá po méjèèjì, àwọ̀ kẹta tí ìwọ kò fọwọ́ ara rẹ kùn yóò yọjú sáàrin wọn. Àwọ̀ kẹta yẹn gan-an ni bàìbàì tí ojú rẹ ń rí.

Lọ sí Image, tẹ Scale Image. Níbi tí wọ́n kọ Interpolation sí, ìyẹn ọ̀nà tí GIMP ń gbà wá píksẹ́lì tí kò sí, yan None. Kò ní po nǹkan kan mọ́. Píksẹ́lì kan yóò kàn di mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró, gbogbo wọn á sì jẹ́ àwọ̀ kan náà. Photoshop àti Paint.NET ní irú rẹ̀, Nearest Neighbor ni àwọn ń pè é. Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún fáìlì lo ní, má fọwọ́ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. ImageMagick, ètò kan tí a ń fi àṣẹ kíkọ darí, yóò ṣe é tí o bá kọ `-filter point -resize 400%` sínú àṣẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n 16 × 16 àkọ́kọ́ ni kí o padà sí o. Èyí tó ti rú kò ṣeé fọ̀ mọ́. Èmi náà ti pàdánù iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko rí nítorí pé mo fi èyí tí mo fà tóbi lé orí àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà, fódà kan wà tí mo ń kó àkọ́kọ́ sí, mi ò sì fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: Mo ti lo None, ó já gaara lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà kan wá nípọn ju àwọn yòókù lọ. 40 × 40 ni mo sọ ọ́ dà.

Ìdáhùn: 40 ló fà á. Láti 16 dé 40 jẹ́ ìlọ́po méjì àbọ̀, kò sì sí ààbọ̀ píksẹ́lì. Àwọn kan á di méjì, àwọn kan á di mẹ́ta, ìlà á sì wọ́. Ìlọ́po tó pé ni kí o máa lò: 32, 48, 64. Ní ti Minecraft, mi ò ní kí o lo 48 pàápàá. Dúró sórí 32, 64, 128. Géèmù yìí máa ń gé àwòrán sí ìdajì, ó tún máa ń gé ìdajì sí ìdajì, kó lè rí èyí tó kéré lò fún ohun tó bá jìnnà. Bí ìwọ̀n texture kan ṣoṣo kò bá ṣeé pín bẹ́ẹ̀, gbogbo pack rẹ, ìyẹn àkójọ texture rẹ, ló máa jìyà rẹ̀. Ṣí log géèmù náà, ìyẹn fáìlì tó ń kọ ìṣòro rẹ̀ sí, wàá rí i tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé texture kan tó jẹ́ 50x50 «limits mip level from 4 to 1», ìyẹn ni pé ó dín iye ìgbà tí géèmù lè gé ìdajì kù láti mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí ọ̀daràn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyá mi ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n rà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Mo fi fóònù yà á, mo fi WhatsApp rán an sí laptop, mo wá sọ ọ́ di 16 × 16 kí n fi ṣe aṣọ fún búlọ́ọ̀kù inú Minecraft. Búlúù ràkọ̀ràkọ̀ lásán ló kù. Funfun rẹ̀ lọ, àrà rẹ̀ lọ.

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí èyí gan-an, torí náà jẹ́ kí n lo àkókò lórí rẹ̀. WhatsApp ti kọ́kọ́ fún fọ́tò yẹn pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà mìíràn, fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, tàbí kí o lo wáyà USB. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní fọ́tò náà dé láìfarapa, ìṣòro tó tóbi ṣì wà níwájú. Bí o bá gé fọ́tò náà sí 3000 × 3000, píksẹ́lì mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, o sì ní kí wọ́n wọ inú 256. Ìkọ̀ọ̀kan nínú 256 yẹn ní láti ṣojú fún ohun tó lé ní 35,000. Ìlà funfun tí aládìrẹ fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ fà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pòórá sínú aró tó yí i ká. Kò sí Interpolation tó lè yọ ọ́ nínú èyí, torí pé àyè gan-an ni kò sí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ìkíní ni pé kí o gbé texture náà sókè sí 128, kí o sì gé ibì kan péré lára aṣọ náà, dípò kó jẹ́ odindi. Nígbà tí o bá ń dín in kù, má lo None. None ń ṣa píksẹ́lì mú ni, yóò fo ìlà funfun mìíràn kọjá, yóò mú òmíràn. Lo Cubic, kí o wá lọ sí Filters, Enhance, Sharpen (Unsharp Mask), kí o fi díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí. Tó bá pọ̀, etí funfun á tún yọ kúrò ní gbèdéke rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn: fi fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o wò ó, kí o sì fọwọ́ ya àrà náà lórí 16 × 16. Mo ti ṣe é pẹ̀lú Ìbàdàn dùn, àdìrẹ tí wọ́n ya òpó Màpó sí. Mo kun ilẹ̀ rẹ̀ ní aró tó dúdú. Mo wá ya òpó funfun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píksẹ́lì méjì, mo sì fi àlàfo méjì-méjì sílẹ̀. Mẹ́jọ funfun, mẹ́jọ aró, ó di 16 géérégé. Nígbà tí mo to búlọ́ọ̀kù kan ti èkejì, òpó náà ń lọ láìjá, bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ gígùn sórí okùn. Mo fi búlúù kan tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan kó dà bíi pé aró fà wọ ibẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni, ẹni tó bá mọ àdìrẹ sì mọ̀ ọ́n láti òkèèrè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ bọ́ọ̀sì kan di danfo nínú GTA San Andreas. Yẹ́lò, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì. 256 × 256 ni texture rẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ l'Ékòó. Tí mo bá sún mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe bàìbàì, àwọn àmì kan bí àpótí kéékèèké sì yí i ká. Mo ti fà á dé 1024, kò yí padà.

Ìdáhùn: Kò lè yí padà, torí pé lẹ́tà tó ti bàjẹ́ lo fà tóbi. Pa lẹ́tà náà rẹ́ kúrò lórí àwòrán náà, fa yẹ́lò àti ìlà dúdú dé 1024, kí o wá kọ ọ̀rọ̀ tuntun sórí 1024 náà. Bí o bá lè kọ ọ́ nínú Inkscape, ó tún dára jù, torí ìlà ni Inkscape ń tọ́jú, kì í ṣe píksẹ́lì. Ìwọ̀n tí o bá ní kó gbé jáde ló máa fi gbé e jáde, etí rẹ̀ á sì gé.

Mọ̀ pé géèmù méjèèjì kò rí bákan náà. Bí o bá sún mọ́ ògiri nínú Minecraft, píksẹ́lì ni wàá rí, ó gé. San Andreas, tó jáde sórí kọ̀ǹpútà ní 2005, ń po píksẹ́lì pọ̀ fúnra rẹ̀ bí o bá sún mọ́ nǹkan. Torí náà texture tó bá kéré níbẹ̀ yóò rú, bó ti wù kí o yà á dáadáa tó.

Àwọn àpótí tí o rí, DXT1 ló bí wọn, ìyẹn ọ̀nà kan tí géèmù ń gbà fún texture pọ̀. Ó ń gé àwòrán sí àpótí píksẹ́lì mẹ́rin ní mẹ́rin, nínú ìkọ̀ọ̀kan ó ń tọ́jú àwọ̀ méjì péré, ó sì ń po méjì yẹn láti rí méjì mìíràn. Èrè rẹ̀ ni pé àwòrán 512 × 512 tí ì bá jẹ mẹ́gábáìtì kan yóò jẹ kìlóbáìtì 128. Ṣùgbọ́n níbi tí yẹ́lò, dúdú àti pupa ti pàdé nínú píksẹ́lì mẹ́rìndínlógún, àwọ̀ méjì kò tó. Nínú Magic.TXD, ètò tí a fi ń ṣí fáìlì texture San Andreas, gbé texture ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì yẹn wọlé láìfún un pọ̀, kí o sì ṣe mipmap rẹ̀ (àwọn ẹ̀dà kéékèèké fún ọ̀nà jíjìn) ní tuntun. Èyí nìkan o. Má ṣe gbogbo texture géèmù náà bẹ́ẹ̀; géèmù àtijọ́ ni, ìrántí tó lè lò kò pọ̀.

Ohun kan ṣì kù: bí JPEG bá wà láàrin iṣẹ́ rẹ níbikíbi, yọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá tún JPEG tọ́jú ló ń jẹ nínú rẹ̀. PNG ni kí o máa lò títí dé ẹnu ọ̀nà géèmù.

Ìbéèrè: Ewé igi tí mo yà ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká.

Ìdáhùn: Funfun wà lábẹ́ ibi tí o rò pé kò sí nǹkan kan. Píksẹ́lì tí a kò rí ṣì ní àwọ̀ nínú, nígbà tí a bá sì pò ó mọ́ ewé, àwọ̀ náà á yọ jáde. Kun abẹ́ ibẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kí o sì máàkì «Save color values from transparent pixels» nígbà tí o bá ń gbé PNG jáde láti GIMP.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ mi mọ́ kedere, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni kò mọ́.

Ìdáhùn: Má fọwọ́ kan àwòrán rẹ. Mipmap ni: àwọn ẹ̀dà kéékèèké tí géèmù ń lò fún ọ̀nà jíjìn. Gbé Anisotropic Filtering sókè nínú ètò géèmù tàbí ti káàdì fídíò, dé 16x bí kọ̀ǹpútà rẹ bá lè gbé e.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ó ní AI kan wà tó ń mú àwòrán tóbi láìrú, òun fẹ́ fi sórí kọ̀ǹpútà ilé. Ṣé kí n jẹ́ kó lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ jẹ́ kó lò ó. Upscayl wà tí kì í gba owó, orí kọ̀ǹpútà yín ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kàn bá mi sọ fún un pé AI yẹn ń méfò ni. Bó bá jẹ́ ògiri bíríkì tàbí koríko, èfò rẹ̀ máa ń dára. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tàbí àdìrẹ, ó lè kọ lẹ́tà tí kò sí ní èdè kankan. Texture tó yẹ kó máa tò léra náà ń já létí lẹ́yìn rẹ̀. Kó to àwòrán náà ní mẹ́ta ní mẹ́ta kọ́kọ́, kó fún AI ní gbogbo rẹ̀ papọ̀, kó wá gé ti àárín. Etí á bá ara wọn mu.

Ìbéèrè: Géèmù tèmi ni mò ń ṣe nínú Unity, ètò tí a fi ń kọ́ géèmù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá fáìlì mi ló rú ni àbí Unity?

Ìdáhùn: Ya pátákó dráfù. Ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú texture rẹ, dúdú kan, funfun kan, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Gbé e jáde bí o ṣe máa ń ṣe, kí o tún fáìlì náà ṣí, kí o sì fà á súnmọ́ ojú dé 800%. Bí o bá rí eérú níbikíbi, ọwọ́ rẹ ló ti bàjẹ́. Padà síbi Interpolation tàbí JPEG. Bó bá jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, fi sínú Unity. Tó bá wá rú níbẹ̀, tẹ àwòrán náà, kí o yan Point (no filter) ní Filter Mode, None ní Compression, kí o sì wo Max Size, torí 2048 ló máa ń wà níbẹ̀, àwòrán 4096 rẹ yóò sì di ìdajì láìsọ fún ọ. Tẹ Apply, kí o tún pátákó náà wò.