Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Yan Etíkun Tó Máa Bá Yín Lára Mu fún Họ́lídè Káráfáànì nÍlùú Ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà nÍlùú Ọba, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sétíkun nínú káráfáànì, ìyẹn ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń fi mọ́tò fà, ní sọ́mà yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ ná. Kò síbi tí wọn ò ti lè ya fọ́tò tó dáa, wọ́n á ṣáà dúró dọjọ́ tí oòrùn ràn tí omi sì kún. Bí òkun ibẹ̀ ṣe ń ṣe lọ́sàn-án àti bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi yan ibi tẹ́ ẹ ń lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ static lẹ fẹ́ rẹ́ǹtì, ìyẹn èyí tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ síbẹ̀ tí kì í kúrò lójú kan, wàhálà yín kéré. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò wọ́ tiyín lọ, máìlì 50 láàárín wákàtí kan ni òfin gbà lójú títì tí ò pín sí méjì, 60 ni lórí motorway, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ léènì tó wà lọ́tùn-ún pátápátá tí motorway yẹn bá ní léènì mẹ́ta. Láti December 16, 2021, láísẹ́ǹsì mọ́tò lásán ti tó láti wọ́ ẹrù tó tó 3,500 kg, kò sí pé ẹ ń lọ ṣe ìdánwò míì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìwé mọ́tò yín wò bóyá òun fúnra ẹ̀ lè fà á. Wákàtí márùn-ún tí Google Maps bá sọ, ẹ fi tiyín kún un. Cornwall dùn, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú, àmọ́ gbogbo ayé ló ń gba ọ̀nà M5 bọ́ sórí ọ̀nà A30 lọ́jọ́ Sátidé inú August torí ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ àlejò ń pààrọ̀ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀hún, ọ̀nà abúlé wọn há, ọgbà igi ga lọ́tùn-ún lósì, tẹ́ ẹ bá pàdé mọ́tò míì ẹnì kan á ṣe rìfáàsì, ẹ ò sì ní fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ́ káráfáànì. Tó bá jẹ́ London lẹ̀ ń gbé tí ọmọ kékeré sì wà lẹ́yìn mọ́tò, Norfolk, Suffolk, Kent àti Sussex ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin ará Nottingham àti Leicester, Skegness àti Mablethorpe ní Lincolnshire ń dúró dè yín, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, iyanrìn gbòòrò, káráfáànì sì pọ̀ níbẹ̀ lọ súà.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn, ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ láàárín kíkún àti fífà. Apá Bristol Channel, láàárín Somerset àti gúúsù Wales, wà lára ibi tí omi ti ń ga tó sì ń fà jù ní gbogbo ayé, ìyàtọ̀ ẹ̀ lè lé ní mítà 12. Ní Weston-super-Mare, omi lè fà ju máìlì kan lọ, ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì ló máa ṣẹ́kù síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan sáré tẹ̀ lé omi yẹn. Morecambe Bay, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn England, tún léwu ju ìyẹn lọ, iyanrìn ibẹ̀ ń rì, omi sì ń yára padà, ó lé ní ogún èèyàn tó bá a lọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní February 2004.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé: ẹ kọ tide times pẹ̀lú orúkọ ìlú yẹn sórí Google, kẹ́ ẹ wo ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ká ní ó sọ pé omi máa kún ní 6:10 àárọ̀ àti 6:35 ìrọ̀lẹ́, á jẹ́ pé ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ṣọ́bìrì dé, omi ti lọ jìnnà. Ojoojúmọ́ ni àkókò yẹn ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i, torí náà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bíìṣì kan náà yẹn, ọ̀sán gangan lomi ẹ̀ máa kún. Tó bá jẹ́ iyanrìn làwọn ọmọ fẹ́ gbẹ́, kí omi fà lọ́sàn-án ló dáa. Tó bá jẹ́ omi ni wọ́n fẹ́ wọ̀, ẹ wá ọ̀sẹ̀ tó máa kún, àfi àwọn bíìṣì kéékèèké abẹ́ òkúta ní Cornwall tí omi lè gba gbogbo iyanrìn mọ́ yín lẹ́sẹ̀ tó bá kún.

Omi gan-an tutù o. Ìparí August sí September ló máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ jù, June ò tíì dé ibì kankan. Newquay wà fún àwọn tó ń gun ìgbì, gúúsù Cornwall tàbí Tenby ní Wales ni mo máa mú fáwọn ọmọ kéékèèké. Ìlà oòrùn gbẹ díẹ̀ ju ìwọ̀ oòrùn lọ, àmọ́ òkun ibẹ̀ tutù sí i. Ìwọ̀ oòrùn Scotland rẹwà débi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní sọ́mà, kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní midge á jẹ yín débi tẹ́ ẹ máa sá wọlé. Ilé ìwé wọn níbẹ̀ ti ń wọlé láàárín August nígbà tí ti England ṣì wà ní họ́lídè, ẹ lè rí àyè gbà lọ́wọ́ ìgbà yẹn.

Ibikíbi tẹ́ ẹ bá mú, ẹ bi wọ́n bóyá RNLI, àjọ tó ń gba èèyàn là lójú òkun, ní lifeguard tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ níbẹ̀, àárín àsíá pupa àti yẹ́lò nìkan ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀. Tẹ́nì kan bá há sínú omi, ẹ má bọ́ sí i, ẹ pe 999 kẹ́ ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń bójú tó ìdóòlà létíkun, lẹ fẹ́.

Ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ní kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí bíìṣì lè jẹ́ orí òkè, kó jẹ́ àtẹ̀gùn gígùn lẹ máa gbé pushchair, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ, sọ̀ kalẹ̀. Ní Holderness ní Yorkshire àti Happisburgh àti Hemsby ní Norfolk, òkun ń jẹ ilẹ̀ wọlé lọ́dọọdún, ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀nà tó lọ sí bíìṣì ṣì ṣí.

Static tó bá pọ́ọ́kú jù, ẹ kà á dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni swimming pool àti eré alẹ́ ò sí nínú owó yẹn, àní bẹ́ẹ̀dṣíìtì lẹ máa fúnra yín gbé lọ. Tó bá sì jẹ́ tiyín lẹ wọ́ lọ ní April tàbí October, ẹ san owó ibi tí wọ́n da òkúta sí, ẹ má gba orí koríko, torí tí òjò bá fi rọ̀ mọ́jú, táyà á rì, katakata ni wọ́n máa fi fà yín jáde.